Ọjọ́ Tí A Kó Ọ̀rọ̀ Wa Kúrò ní Ìyẹ̀wù

"Ṣé ìkíni ni gbogbo èyí?" ni ẹ̀rọ ń bi Ajíbíkẹ́.

"Ìkíni ni," Ajíbíkẹ́ dáhùn. Ó fi àtàńpàkò tẹ dígí, iná inú rẹ̀ sì yí padà di àwọ̀ ewé. Ọ̀kẹ́ kan 'ẹ káàárọ̀' àti 'ẹ kú iṣẹ́' tó ti kó jọ láti ọdún kan ààbọ̀ tó ti dé ọ̀dọ̀ wa ti di ohun tí yóò parẹ́ bó bá di ọ̀sán gangan. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó na ara, ó yán, ó ní, "Àǹtí Ìbídùnní, ó ku ẹ̀yin nìkan o."

Mo ní mo mọ̀.

Ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi ni olórí kíkó náà. Èmi ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé àwọn ènìyàn káàkiri orí ògiri tí ìlú wa fi dí òkun pé kí wọ́n wá búra lé ìkíni wọn kí ọjọ́ tó pé, èmi náà ni mo wá di ẹni ìkẹyìn, bí alágbàfọ̀ tí aṣọ ọrùn tirẹ̀ dọ̀tí.

Àwọn tó ta Gbàgede, ilé ọ̀rọ̀ tuntun tí à ń kó lọ, fún wa ló ní àwọn kì í kó ìkíni. Wọ́n wá wọn ẹrù wa nínú Ìyẹ̀wù, ilé ọ̀rọ̀ wa àtijọ́, ẹnu sì yà wọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí àwa ẹ̀ṣọ́ ògiri ìlú Ìdí-Ògiri ń bá ara wa sọ lórí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ wa, mẹ́jọ ni ìkíni. Wọ́n ní àwọn ti kó ilé ọ̀rọ̀ ní oríṣiríṣi ìlú, àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Kí kálukú búra pé ìkíni ni, kí ó fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà ibi iṣẹ́ bínú fún ọjọ́ méjì gbáko, wọ́n ní ayé ti bàjẹ́ tí a bá ń ka ìkíni sí ẹrù. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n tò, wọ́n tẹ àtàńpàkò.

Tèmi jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ìkíni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ara tù mí díẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ilẹ̀kùn omi kẹrin kọ̀, kò padé. Òkun gba ibẹ̀ wọ Ìsàlẹ̀-Ẹja, ó gbé ilé mọ́kànlélógójì lọ. Kò pa ènìyàn, nítorí ojúmọmọ ni, àwọn ènìyàn sì sá gun orí ògiri, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí kò sí ẹni tó ń yan ẹja níbẹ̀ mọ́. Bàbá Akínfọlárìn ni ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀kùn kẹrin. Èmi ni ọ̀gá tó yẹ kó gbọ́ bí ilẹ̀kùn bá ń ṣe ségesège. Ní ọjọ́ kejì, bàbá dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó ní òun sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ omi. Mo ní bàbá kí mi, mo sì kí bàbá, ìyẹn nìkan ló ṣẹlẹ̀. Mo gbà á gbọ́ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí fi gbèjà ara mi nìyẹn.

Nínú Ìyẹ̀wù, ọ̀rọ̀ tó bá ti kúrò lẹ́nu ẹni kò sí lọ́wọ́ ẹni mọ́. Inú yàrá ẹni tó gbọ́ ọ ló ń sùn, kọ́kọ́rọ́ ẹni yẹn nìkan ló sì lè ṣí i. Bàbá kò ní ẹ̀rí kankan. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ aláìkìlọ̀, wọ́n gba ohùn orí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn omi, mo wọ yàrá mi lọ wá nǹkan mìíràn, mo bá ọ̀rọ̀ bàbá níbẹ̀, nínú àpò ìkíni.

Gbogbo àwa ọ̀gá la ní ẹ̀rọ Agbẹnusọ nígbà náà, kí Òfin Ẹnu-Ara-Ẹni tó fi òpin sí i. Òun ló máa ń bá wa dáhùn ìkíni ní ohùn wa gan-an, kí a lè ráyè ṣiṣẹ́. Agbẹnusọ mi gbọ́ ìkíni méje léra wọn, ó pinnu pé ìkíni ni gbogbo rẹ̀, ó dáhùn pé a ti gbọ́, ó sì jù ú sínú àpò. Bàbá gbọ́ ohùn mi tó ní a ti gbọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó lọ jẹun àárọ̀.

Mo ti yàrá náà padà, mo sì dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n fi mí jẹ olórí ọ̀rọ̀ sísọ fún gbogbo ògiri. Ojú tì mí. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀, nítorí ẹni tó bá ń wò mí láti ìta kò lè mọ̀. Ńṣe ni mo sanra sí i. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n àwọn tó sọ ọ́ kò sọ ohun tí ẹni tó mú ẹ̀sín pa mọ́ sábẹ́ aṣọ yóò ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó bọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀, n kò ní láti ṣe ohunkóhun. Kí n ṣáà fi àtàńpàkò tẹ dígí, kí n ní ìkíni ni. Ẹ̀rọ pàápàá ti gbà pé ìkíni ni.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" ni Ajíbíkẹ́ bá béèrè. Ó yà á lẹ́nu. "Ta ló tún ń fi ọwọ́ kanlẹ̀kùn láyé ìsinsìnyí?"

Mo wo ìta. Bàbá Akínfọlárìn ló dúró lẹ́yìn dígí, ó gbé àjẹ̀ ọkọ̀ dání, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí èédú. Ilẹ̀kùn wa ń gbọ́ ohùn ìlẹ̀kẹ̀ ni, kò sì lè gbọ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ ìlú náà kò lè gbọ́ tirẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ kọjá ọ̀sà láti òdì kejì.

Ajíbíkẹ́ rí ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó fà sẹ́yìn. "Aláìkìlọ̀ ni," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Àǹtí, ẹ má ṣí i."

"Lọ wo bóyá ọ̀gá àti àwọn tó kù ti ń bọ̀," mo ní. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún ilẹ̀kùn pé kó ṣí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi," ni bàbá wí. Ó gbé àjẹ̀ ti ara ògiri, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa kó tó wọlé. "Ẹ kú làálàá ẹrù kíkó. Màmá ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà, bàbá. Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó."

"N kò ní í pẹ́. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ da ìkíni nù lónìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Lọ́sàn-án."

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú tèmi." Ó rí i pé n kò lóye, ó sì jókòó sí etí àga. "Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìlọrin bímọ lóṣù tó kọjá. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Òfin ní n kò gbọdọ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹnikẹ́ni. Mo wá lọ bi akọ̀wé ìgbìmọ̀ léèrè. Akọ̀wé náà tú ìwé títí, ó ní, 'Bàbá, òfin kò sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ àtijọ́ rán.' Mo wá rò ó pé, nígbà tí mo lóhùn, ta ni mo kí jù lọ láyé? Ẹ̀yin ni. Bí ẹ bá rí èyí tí mo ti ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ yín nínú rẹ̀, kí a fi ránṣẹ́ sí i. Orúkọ ọmọ tuntun kò ní í sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà ni àdúrà ń jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Èyí tó bá gùn ni kí ẹ fún mi o," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ̀ mí, n kò mọ bí wọ́n ti ń kí ènìyàn ní kúkúrú."

Mo ṣí yàrá mi. Mo ní kí ẹ̀rọ to ìkíni bàbá láti orí èyí tó gùn jù lọ. Mo ti mọ èyí tí yóò wà lókè kí ó tó tò ó tán. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, àárọ̀ ọjọ́ omi. Ìka mi wà lórí rẹ̀. Bàbá jókòó níbẹ̀, ó ń wo òrùlé, kò wo ọwọ́ mi nítorí kò fura sí ohunkóhun.

Mo mú ìkejì.

Ìkíni ọdún tuntun ni. Ohùn bàbá ní kí ọdún ó yabo, kí àwọn ọmọ mi má ṣe rí ìjà omi, kí a ṣe púpọ̀ ọdún láyé. Bàbá ń tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Nígbà tó parí ó ní, "Àmín. Ó dára. Ó dára gan-an," ó sì na ìlẹ̀kẹ̀ dúdú náà sí mi kí n fi í sínú rẹ̀. Mo fi í sínú rẹ̀. Ó dìde, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ títí mo fi ń wá ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan," ó ní.

"Kí ni, bàbá?"

"Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, mo pariwo mọ́ yín. Mo ní irọ́ lẹ ń pa. Níwájú gbogbo ìlú." Ó ń fi ọwọ́ kan ìpẹ̀kun agbádá kékeré tó wọ̀. "Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà fún ọdún mẹ́ta, ọ̀gá mi. Ẹ̀yin tí mo mọ̀, ẹ kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ dákẹ́. Èmi ni mo gbàgbé. Ó ní láti jẹ́ pé mo rò ó lọ́kàn, n kò sì sọ ọ́ jáde. Ara àgbà kò rí bíi ti ọmọdé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo ba orúkọ yín jẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tán kí n tó sáré dì í mú léjìká. Mo ń sọ pé, "Rárá, bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ó sì rò pé ìwà rere ló ń sọ ọ́ lẹ́nu mi. Mo ti mọ̀ pé ojú lè ti ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó lè dé ẹsẹ̀. Ó wù mí kí ó gbá mi létí.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn inú ṣí, tí Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́, olórí gbogbo ògiri, wọlé pẹ̀lú àwọn bí ọgbọ̀n ènìyàn tó ń bọ̀ wá wo bí a ó ti ré kọjá sí Gbàgede. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rí bàbá, ẹ̀rín náà sì dín kù. Ọ̀gá kàn mi orí sí i díẹ̀, kò kí i.

"Ìbídùnní, ìwọ nìkan là ń dúró dè," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́ kí a lọ jẹun."

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà," ni ẹ̀rọ wí. "Ìbídùnní Ọláìtán, ṣé ìkíni ni gbogbo èyí?"

Mo dúró níwájú dígí. Bàbá ti mú àjẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Bí mo bá jẹ́ kó lọ, yóò wa ọkọ̀ padà sí òdì kejì, yóò sì gbà títí ayé rẹ̀ pé òun ni òun gbàgbé. Ọdún méje ṣì kù nínú ìdákẹ́ rẹ̀. Kò dájú pé ẹ̀mí rẹ̀ yóò gbé e débẹ̀.

"Rárá," mo ní. "Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ìkíni."

"Èwo?"

"Èyí tó gùn jù lọ nínú ti Akínfọlárìn."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń wọ Gbàgede láìjẹ́ pé gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ọgbọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá mi. Ẹ kú ìdìde. Ṣé dáadáa lẹ jí? Bàbá ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa yóò dá wọn sí. Orúnkún màmá ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi omi tútù kàn án, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n máa lò. Ẹ kú òtútù yìí o. Ẹ kú bùkátà ilé. Ìyàwó mi ní kí n kí yín, ó ní ẹ ti gbàgbé òun..."

Àwọn ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Ìkíni kọ́ lèyí?" Bàbá alára rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ọ̀gá mi. Ilẹ̀kùn kẹrin ń dún láti àná. Irin tó so ó mọ́ ògiri lápá òsì ti là. Mo ti ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀, ó wọlé dé èèkù. Bí òkun bá kún lọ́sàn-án yìí, kò ní í lè padé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán àwọn alágbẹ̀dẹ sí mi kíákíá. Mo ń retí ẹnu yín."

Lẹ́yìn náà ohùn tèmi, tó mọ́, tó dùn, tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀: "A dúpẹ́, bàbá. A ti gbọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Mo sọ ọ́," ó ní. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀yin ènìyàn, mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́!"

Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́ ló kọ́kọ́ mí. Ọkàn ọ̀gá ń yára ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọ̀gá. "Agbẹnusọ!" ó ní. "Ẹ rí ohun tí ẹ̀rọ burúkú yẹn fi ojú wa rí? Ẹ rí ìdí tí wọ́n fi fòfin dè é? Ìbídùnní, Ọlọ́run ló lò ọ́. Ká ní ẹlòmíràn ni, yóò tẹ àtàńpàkò láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àárọ̀ yìí lo rí i, àbí?"

Ó ń wò mí bó ti ń béèrè, ó sì ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè fún mi. Ajíbíkẹ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. "Àǹtí Ìbídùnní, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi!" "Olúwa yóò san án fún yín!" Bàbá Akínfọlárìn ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọwọ́ nínà, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń pè mí ní ọmọ mi.

Mo lè gbà á. Kò sí ohun tó wà nínú Ìyẹ̀wù tó lè sọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ju èmi lọ, agogo méjìlá sì ti ń lù, gbogbo ìkíni ayé wa ti ń parẹ́.

"Kì í ṣe àárọ̀ yìí," mo ní. "Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn omi ni mo ti rí i."

Mo gbọ́ ohùn mi padà láti ara ọgbọ̀n ìlẹ̀kẹ̀. A ti dé Gbàgede. Mo gbọ́ pé ohùn náà há, kò sì dùn rárá.

"Ìbídùnní," ni ọ̀gá wí wẹ́rẹ́, "ronú sí ohun tí ò ń sọ. Wọn yóò gba ohùn lọ́wọ́ rẹ."

"Mo mọ̀, sà."

Àtẹ́wọ́ ti dákẹ́. Bàbá ti dé iwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà. Ó gbé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ọjọ́ kẹta," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ẹ wá kí mi nílé lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ìyàwó mi se oúnjẹ, ẹ jẹ ẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun lẹ wá bá mi kẹ́dùn rẹ̀."

Mo tẹ orí mi sílẹ̀. Ó dúró títí mo fi gbé e sókè.

"Ilé ìyá rẹ̀ wà lára ilé mọ́kànlélógójì," bàbá wí. Kò pariwo, kò sì sunkún mọ́. "Mo kúnlẹ̀ ti ibùsùn rẹ̀ kó tó kú. Mo ní kó dárí jì mí pé n kò kìlọ̀."

Ó wò mí lójú.

"Ó sì dárí jì mí."